Wọn ò fún wọn ní ipa gidi kó, ni wọ́n bá dá tíátà tiwọn sílẹ̀: ìtàn Theatre of Black Women

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo jókòó sẹ́yìnkùlé wa níbí ní Òkè-Ogbo, NEPA ti mú iná lọ, ni ọmọbìnrin kan tí ilé wọn ò jìnnà sí tiwa bá wọlé. Ọmọ náà kàwé gboyè nínú ìmọ̀ tíátà. POS ló ń ṣe báyìí, lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún pè mí fún fíìmù o." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ipa wo ni wọ́n ní kó kó? Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ìgbà karùn-ún tí wọ́n máa pè é nìyẹn: ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó kékeré tó jẹ́ àjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọge tó ń gba ọkọ ọlọ́kọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ò lọ mọ́. Ó ní òun fẹ́ pa tíátà tì, kí òun kúkú gbájú mọ́ POS.

Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan ní London lọ́dún 1982. Kò gbọ́ ọ rí. Mo wá sọ ìtàn wọn fún un títí iná fi dé. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní kí n jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun náà lè kà á. Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí nìyẹn.

Àwọn wo ni wọ́n?

Orúkọ àwọn mẹ́ta náà ni Bernardine Evaristo, Patricia St. Hilaire àti Paulette Randall. Rose Bruford, iléèwé àwọn òṣèré kan ní London, ni wọ́n ti jọ kẹ́kọ̀ọ́.

Bernardine ló kan àwa Yorùbá jù nínú wọn. Ọdún 1959 ni wọ́n bí i, Woolwich ní London ló dàgbà sí, òun sì ni ìkẹrin nínú ọmọ mẹ́jọ. Òyìnbó ni ìyá ẹ̀, iṣẹ́ tíṣà ni màmá náà ṣe. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀. Ọdún 1949 ni bàbá náà dé Ìlú Ọba, iṣẹ́ wẹ́dà ló sì ń ṣe níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Evaristo yẹn tàn yín jẹ o. Ìdílé Àgùdà ni wọ́n, ìyẹn àwọn Yorùbá tí wọ́n ti Brazil padà wá sílé lẹ́yìn òwò ẹrú. Tí ẹ bá ti rìn dé Campos ní Èkó, ẹ máa mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí àwọn ọmọ yìí jáde níléèwé lọ́dún 1982, wọ́n wo iwájú, wọn ò rí nǹkan kan. Lórí tẹlifíṣàn àti nínú tíátà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, obìnrin dúdú ò wọ́pọ̀. Èyí tí ẹ bá sì rí, nọ́ọ̀sì ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ẹrú, tàbí aṣẹ́wó, tàbí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì. Ó máa wọlé, ó máa sọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ó máa jáde. Ìtàn ẹlòmíì leré náà dá lé lórí.

Nígbà tí mo débi yìí, ọmọ POS yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ náà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."

Àwọn mẹ́ta yìí ò jókòó kí wọ́n máa dúró de ẹni tó máa pè wọ́n. Lọ́dún 1982 yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì fún un lórúkọ tí kò ṣẹ́ kọ́lọ́kọ̀lọ rárá: Theatre of Black Women, Tíátà Àwọn Obìnrin Dúdú. Irú ẹ̀ ò sí rí ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin ló ń kọ eré, obìnrin ló ń ṣe é, obìnrin ló ń darí ẹ̀.

Ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ni wọ́n, wọn ò sì fi bò. Nǹkan kejì tí wọn ò fi bò ni pé àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ẹgbẹ́ wọn wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bernardine fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ Manifesto, tó jáde lọ́dún 2021, pé nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lòun fi ń bá obìnrin ṣe nígbà tí òun ṣì kéré, kí òun tó wá padà sọ́dọ̀ ọkùnrin. Ó ní ọkọ báyìí. Àárín ọdún mẹ́wàá yẹn ni tíátà yìí bọ́ sí.

Irú eré wo ni wọ́n ń ṣe?

Tí ẹ bá ka ìwé àwọn onímọ̀, ẹ máa rí i pé "experimental" ni wọ́n ń pe irú tíátà báyìí, ìyẹn tíátà tó ń dán nǹkan tuntun wò. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Eré tí ọ̀pọ̀ òyìnbó mọ̀ nígbà yẹn ni èyí tí wọ́n máa to àga àti tábìlì sórí ìtàgé bíi pálọ̀ gidi, tí bàbá, ìyá àtọmọ á jókòó máa bára wọn jiyàn títí iná fi máa kú. Àwọn obìnrin yìí ò ṣe irú ẹ̀. Ewì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fara ṣàpèjúwe, ẹnì kan lè di èèyàn mẹ́ta lójú kan náà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni eré kúkúrú tí òṣèré kan ṣoṣo máa dá ṣe. Bernardine kọ ọ̀kan tó pè ní Tiger Teeth Clenched Not to Bite. Ẹ̀yin náà ẹ wo orúkọ yẹn: ẹkùn tó pa eyín dé, kó má baà bu èèyàn jẹ.

Lẹ́yìn náà lòun àti Patricia jọ kọ Silhouette. Nínú eré yẹn, obìnrin òde òní kan, tí ìyá ẹ̀ tàbí bàbá ẹ̀ jẹ́ òyìnbó, pàdé obìnrin kan tó ti kú sóko ẹrú ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Òkú àti alààyè wá jọ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tún jọ kọ òmíì tó ń jẹ́ Pyeyucca.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ rèé. Ohun tí London ń pè ní àdánwò tuntun, ta ni yóò yà lẹ́nu ní Ifẹ̀ níbí? Ewì nínú eré, orin nínú eré, ijó nínú eré, òkú tó ń bá alààyè sọ̀rọ̀: ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni eré alárìnjó látọjọ́ tó ti wà ni? Ọdún 1968 ni ẹgbẹ́ Orí Olókun bẹ̀rẹ̀ ní Àrùbídì, láàárín ìlú, tí Ọlá Rótìmí sì gbé The Gods Are Not to Blame jáde níbẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ìlù, orin àti òwe ló gbé eré yẹn ró. Àwọn tó wò ó ò pè é ní àdánwò, eré ni wọ́n pè é.

Torí náà, nígbà tí Bernardine àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sọ ìtàn ara wọn, ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ jọ ọ̀nà ilé. Àmọ́ nǹkan kan wà tí wọ́n fi lé e, tí kò wọ́pọ̀ nínú tíátà wa nílé nígbà náà: obìnrin ló ni ọ̀rọ̀. Ẹ rántí Ògúndé, bàbá tíátà wa. Àwọn òbí ò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn ṣe tíátà, wọ́n ní iṣẹ́ oníranù ni. Ohun tí bàbá náà wá ṣe ni pé ó ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin ẹ̀ níyàwó, kí ẹgbẹ́ má baà tú. Àwọn ìyàwó Ògúndé ló gbé tíátà yẹn ró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, orúkọ ta ni wọ́n kọ sára ọkọ̀?

Yomi nínú eré Jackie Kay

Eré tó sọ ẹgbẹ́ yìí di ohun tí wọ́n ṣì ń kọ́ ní yunifásítì títí dòní ni Chiaroscuro. Jackie Kay ló kọ ọ́, ẹgbẹ́ yìí ló sì gbé e jáde lọ́dún 1986. Ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà lára òun náà: Ìgbò ni bàbá ẹ̀, ọmọ Scotland ni ìyá tó bí i, tọkọtaya òyìnbó kan ló sì gbà á tọ́. Obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni, kò sì fi í pa mọ́.

Orúkọ eré náà, ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán ni. Ó dúró fún bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe ń pàdé nínú àwòrán kan. Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀: Aisha, Beth, Opal àti Yomi. Ẹ gbọ́ ẹni kẹrin yẹn? Yomi, bíi Abáyọ̀mí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti jẹ wọ́n lógún: níbo lorúkọ mi ti wá, ta ló sọ mí, kí ni mò ń gbé kiri lára? Ẹ̀yin Yorùbá, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ṣàjèjì sí yín?

Beth àti Opal wá nífẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ kọ̀ ọ́ jù, tí ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, Yomi ni.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti irú àwọn obìnrin yẹn ló gbé Yomi sórí ìtàgé, wọn ò sì sọ ọ́ di òmùgọ̀. Ohun tí Yomi ń sọ ni ohun tí ẹ máa gbọ́ lónìí ní Lágere, ní Ọjà Tìtun, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́. Àwọn yòókù náà sọ tiwọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lórí ìtàgé kan náà, òǹwòran ló kù tó máa lọ sílé lọ rò ó. Lójú tèmi, eré tó bá fún ẹni tó ń ta kò ó láyè láti sọ̀rọ̀ jinlẹ̀ ju ìwàásù lọ.

Lọ́dún 1987, wọ́n tẹ eré náà sínú ìwé kan tó ń jẹ́ Lesbian Plays. Lọ́dún 2019, Bush Theatre ní London tún un gbé jáde. Ọdún 33 lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é nìyẹn.

Kí ló gbé wọn dìde?

Nǹkan mẹ́ta ni mo rí.

Àkọ́kọ́, wọ́n kọ eré wọn fúnra wọn. Ẹni tó bá ń dúró de ẹni tó máa kọ ipa gidi fún un lè dúró títí irun á fi funfun. Wọn ò kọ tara wọn nìkan náà. Wọ́n wá àwọn obìnrin míì tó ń kọ̀wé rí, bíi Jackie Kay yẹn, wọ́n gbé eré tiwọn jáde.

Ìkejì, wọ́n kéré, wọ́n sì fúyẹ́. Eré tí òṣèré ẹ̀ ò ju méjì sí mẹ́rin lọ, tí kò nílò ilé àtẹ̀gùn àti pálọ̀ lórí ìtàgé, ẹ lè gbé e lọ síbikíbi. Wọ́n ń lọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò, iléèwé, ibi tí àwọn obìnrin ti ń pàdé, àti àwọn tíátà kéékèèké. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin dúdú bí wọ́n ṣe ń kọ eré. Ibi tí òǹwòran wọn wà ni wọ́n ń bá wọn lọ, wọn ò ní kí wọ́n múra wá sí gbọ̀ngàn ńlá.

Ìkẹta ni owó ìjọba. Ní àwọn ọdún yẹn, Greater London Council, ìyẹn ìjọba tó ń ṣàkóso gbogbo London, ń fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, àwọn èèyàn dúdú, àti àwọn ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ ẹ̀yà ara wọn lówó ìrànwọ́. Ken Livingstone ló ń darí ìjọba náà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré ló rí ẹsẹ̀ fi rìn nígbà yẹn.

Kí ló wá pa á?

Owó kan náà ni. Ìyáàfin Margaret Thatcher, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Livingstone ò ríra wọn sójú. Ní ìparí oṣù March 1986, wọ́n fòfin pa Greater London Council rẹ́ pátápátá. Ìyókù owó tó ń wọlé látọ̀dọ̀ Arts Council, ìyẹn àjọ tó ń pín owó ìjọba fún iṣẹ́ ọnà, dáwọ́ dúró lọ́dún 1988. Ọdún yẹn ni Theatre of Black Women tú ká. Ọdún mẹ́fà péré ló gbé láyé.

Ọdún 1988 yẹn kan náà ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní Section 28 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin náà sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ gbé ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin tàbí obìnrin àti obìnrin lárugẹ. Mi ò sọ pé òfin yìí ló pa ẹgbẹ́ náà o, owó ló pa á. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn àti iléèwé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣeré, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n wà. Ọdún 2003 ni wọ́n tó fagi lé òfin yẹn ní England.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ẹgbẹ́ kan tí kò kú. Ní New York, lọ́dún 1980, àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ ohun tó wá di WOW Café Theatre. Obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Peggy Shaw àti Lois Weaver wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, àwọn kan náà tó dá ẹgbẹ́ Split Britches sílẹ̀ pẹ̀lú Deb Margolin. WOW ò gbára lé owó ìjọba láti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré tiẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú eré ẹlòmíì: kó tan iná, kó gbálẹ̀, kó já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá kan tìẹ, àwọn náà á wá bá ẹ ṣe é.

Kí là ń pe ìyẹn nílé wa? Ààrò ni! Ohun tí àwọn bàbá wa fi ń roko lára wọn ló ń gbé tíátà àwọn obìnrin yẹn ró láti ogójì ọdún ó lé.

Ibo ni wọ́n wà báyìí?

Ẹgbẹ́ kú, àwọn èèyàn inú ẹ̀ ò kú. Lọ́dún 2012, nígbà tí London gbàlejò ìdíje Òlíńpíìkì, Paulette Randall wà lára àwọn tó darí ayẹyẹ ìṣíde tí gbogbo ayé wò. Jackie Kay di akéwì àgbà fún Scotland láti 2016 títí di 2021.

Bernardine ńkọ́? Lọ́dún 2019, ìwé ẹ̀ Girl, Woman, Other gba ẹ̀bùn Booker, òun àti Margaret Atwood ni wọ́n jọ gbà á. Obìnrin dúdú kankan ò gbà á rí ṣáájú ẹ̀. Ẹni tí ìwé náà sì fi bẹ̀rẹ̀ ni Amma, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, tó ń kọ eré, tó dá ẹgbẹ́ tíátà kékeré sílẹ̀ nígbà èwe ẹ̀ torí pé wọn ò fún un ní ipa gidi, tó wá di pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, National Theatre fẹ́ gbé eré ẹ̀ jáde. Kí leré náà dá lé lórí? Àwọn obìnrin jagunjagun Dahomey, àwọn ará ilé kejì wa níbí. Ẹ ò rí i pé ohun tó rí ní 1982 ló gbé wọnú ìwé.

Nílé wa ńkọ́?

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn mí nínú gbogbo eléyìí. Mo mọ ìlú tí mo ń gbé. Oníròyìn ni mí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ bí nǹkan ṣe rí.

Ní oṣù January 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó de ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ti ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ti ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó ń kópa nínú ẹ̀, tàbí tó ṣètìlẹ́yìn fún un. Torí náà, bí ẹnì kan bá dá irú ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí sílẹ̀ ní Ifẹ̀ lónìí, tó sì kọ ọ́ sí pátákó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní London, kò ní dúró de ìgbà tí owó máa tán kó tó tú ká. Ẹnu ọlọ́pàá ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí eré tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì lókè òkun ṣe lè di ẹ̀sùn nílé nìyẹn, eré tí Yorùbá wà nínú ẹ̀ tó ń sọ èrò tiwa gan-an.

Síbẹ̀, apá kan ìtàn yìí wà tí òfin kankan ò dè: kí obìnrin kọ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Ọdún 2014 yẹn náà ni Ifeoma Fafunwa gbé Hear Word! jáde ní Èkó, eré tó kó ìtàn àwọn obìnrin Nàìjíríà jọ, tí obìnrin ń fẹnu ara wọn sọ. Àwọn àgbà bíi Taiwo Ajai-Lycett àti Joke Silva ti kópa nínú ẹ̀. Kò sí pálọ̀ lórí ìtàgé náà. Eré yẹn dé Harvard lọ́dún 2018, ó dé Edinburgh lọ́dún 2019.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Mi ò sọ fún un pé kó fi POS sílẹ̀, torí POS ló ń jẹ. Mo kàn ní kó ka iye èèyàn tó lè bá a ṣe ààrò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá. Wọ́n jẹ́ mẹ́rin: òun, ẹni tó ń ran aṣọ, nọ́ọ̀sì kan, àti ọ̀kan tó ṣì ń wáṣẹ́. Ó ní ṣé mo lè yá àwọn ní ẹ̀yìnkùlé wa lọ́sàn-án Sátidé. Mo ní kò burú, àmọ́ kí wọ́n má pariwo jù, torí Alhaja ilé kejì máa ń sùn lọ́sàn-án. Wọ́n ti pàdé lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Nígbà kẹta, Alhaja ò sùn. Àga ló gbé wá.